Abala Keje

Ọmọ Ìyá Bísọ́ládé ló fi fíláàṣì kan lé mi lọ́wọ́,
kò tó ìka ọmọdé.
Ó ní, "Màmá, abala méjìlá ló wà níbẹ̀ o,
ẹ má wò ó tán lóru ọjọ́ kan."
Mo rẹ́rìn-ín.
Èmi tí mo gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n l'Ákùúrẹ́ yìí,
kí ló kù tí mo fẹ́ wò tí yóò gba oorun lójú mi?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.
Kí ilẹ̀ Ẹtì tó mọ́, mo ti wo mẹ́rin,
ògì ti dì gbagidi nínú abọ́,
àkùkọ ilé kejì ti kọ títí ohùn rẹ̀ ti há.

Adájọ́ obìnrin kan ni, Ọmọ́tádé,
tó fi lẹ́tà pamọ́ sí ìsàlẹ̀ garawa ìrẹsì.
Ta ló kọ ọ́? Wọn ò tí ì sọ.
Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ bu ìrẹsì nínú ilé náà,
àyà mi a já, bí ẹni pé èmi ni mo ni garawa.
Mo pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n: "Gbé e kúrò níbẹ̀! Ọkọ rẹ ń bọ̀!"
Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lóòótọ́.
Adájọ́ ò gbọ́ tèmi. Alákọ̀wé, ta ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀?

Ní abala keje, ọkọ ti ọwọ́ bọ garawa,
ìka rẹ̀ kan bébà,
wọ́n mú iná.

Gbogbo Arákàlẹ̀ ṣú bí ìdí ìkòkò.
Mo jókòó, mo ń wo gíláàsì dúdú,
ojú ara mi ni mo rí níbẹ̀, ẹnu là sílẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ Alàgbà Akínṣelúre ń bú ramúramù lódìkejì;
epo tèmi ti tán láti ọjọ́ Ajé.

Ìgbà náà ni mo rántí ìwé
tí Tísà Jídeọlá yá mi láti ìgbà òjò,
tí mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Mo fà á yọ. Tábìlì yẹ̀, omi dà.
Kó dà.
Mo tan iná fóònù, mo gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ọmọ.

Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó ń rùn bí àjà tó jò.
Ọkùnrin kan ló ń wọn kòkó, Fámákinwá,
ní abúlé kan lẹ́yìn òkè Ìdànrè.
Òṣùwọ̀n rẹ̀ ń fi kílò méjì purọ́ lórí àpò kọ̀ọ̀kan.
Ó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀.
Ajá ìdí ilé òṣùwọ̀n pàápàá kì í lè wo ojú rẹ̀.

Mo dá ìwé dé sórí àyà.

Kòkó ni bàbá mi gbìn.
Lọ́dún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àpò méje ló tà,
ó jókòó sórí àpótí, ó ka owó lẹ́ẹ̀mẹta,
ó tún un kà,
kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Mo rò nígbà náà pé kò mọ ìṣirò.

Mo tún ìwé gbé. Mi ò yára.
Mo ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró lórí ẹ̀kẹta,
ẹ̀fọn ń jẹ mí lọ́rùn ẹsẹ̀, mo gbà fún un.

Iná dé nígbà tí aago méjì òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Fáànù ta kìjí, fíríìjì kùn,
tẹlifíṣọ̀n lajú, ó ń bi mí
bóyá kí òun máa bá a lọ níbi tí a dé.
Mo wo rìmóòtù. Mo wo ìwé.
Fámákinwá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò arúgbó kan lé òṣùwọ̀n ni,
arúgbó ò wo ojú rẹ̀,
abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ló ń wò.

"Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un síwájú," ni mo wí.
"Ẹjọ́ kan wà níwájú tiyín."
Mo pa á.
Ojú ewé kejìdínláàádọ́ta.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá wá bíríkì fún tábìlì.